Ẹ Yọwọ́ Kúrò Nínú Omi Yẹn
Ìbéèrè òǹkàwé lórí ẹja ọ̀ṣọ́, pẹ̀lú ìdáhùn Bàbá Onífírísà, Ọ̀fà

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ẹkún kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sun: mo ra ẹja, ẹja kú. Fún ẹ̀yin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé, fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Ọ̀fà. Ẹja ni mo fi ń dá ara mi lára yá. Àpótí dígí mẹ́fà ló wà ní pálọ̀ mi. Lẹ́yìnkùlé, fírísà mẹ́rin tí ẹ̀rọ wọn ti kú, tí àwọn tó ni wọ́n ò padà wá gbé, ni mo sọ di ilé ẹja. Ìyàwó mi ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá kúkú fẹ́ apẹja, ó kéré tán òun á máa rí èyí tí òun ó sè.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ra àpótí ẹja fún àwọn ọmọ wa nígbà Iléyá. Ọjọ́ tó gbé e dé la da omi sí i tí a kó ẹja méjìlá sínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, omi náà funfun bí omi ògì. Mo dà á nù, mo fi ọṣẹ fọ dígí àti òkúta inú rẹ̀, mo da omi ẹ̀rọ tuntun sí i. Ilẹ̀ mọ́, mẹ́ta ti kú. Mo tún fọ̀ ọ́. Ní báyìí ó ku ẹyọ kan. Ebi ò sì pa wọ́n o, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń bọ́ wọn lójúmọ́. Kí ni mo ṣe?*
Ìyá Ìbejì, Gàá-Àkànbí, Ìlọrin

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ náà. Ẹ ò ya ọ̀lẹ rárá. Iṣẹ́ yín ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú dígí yẹn, torí bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ ẹja.

Omi tí ẹja ń mí náà ló ń tọ̀ sí. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tí kò jẹ tán tó ń jẹrà nísàlẹ̀, ló ń di amóníà, májèlé gidi sì ni. Nínú odò Àsà, omi ń ṣàn, ó ń gbé e lọ. Nínú àpótí yín, kò ríbi lọ. Àwọn tó ń gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ni bakitéríà, àwọn tín-ín-tìn-ín tí ojú wa ò tó, tí wọ́n ń gbé lára òkúta, lára dígí àti nínú fóòmù asẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi àpótí. Ọ̀wọ́ kìíní á sọ amóníà di náítíráìtì, èyí tí òun náà ń pa ẹja. Ọ̀wọ́ kejì á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní nǹkan àfi tó bá pọ̀ jù. Wọn kì í tíì sí nínú àpótí tuntun. Ó ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe irú kì í rí ohun tó ń sọ wóró di irú, àmọ́ kì í ṣí i wò ní wákàtí wákàtí, kì í sì í bu omi tútù sí i láàárín.

Omi tó funfun bí ògì yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Irú bakitéríà kan ló ń ru sókè níbẹ̀, ó wọ́pọ̀ nínú àpótí tuntun, ká ní ẹ sì fi í sílẹ̀ ni, ì bá là fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fọ àwọn òṣìṣẹ́ dànù. Ẹ tún lo ọṣẹ. Òkúta a máa mu ọṣẹ sára, kì í sì í tètè tán. Láti òní lọ, ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ kan ohunkóhun tó ń wọ inú omi yẹn, títí kan ọwọ́ yín.

Lẹ́yìn èyí, omi ẹ̀rọ. Kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ kí àwa lè mu ún láìsí ewu ń jó ibi tí ẹja fi ń mí, ó sì ń pa bakitéríà tí à ń wí. Ẹ pọn ọ́n sínú báàfù tó fẹjú, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Bó bá ṣì ń rùn, ẹ fi ọjọ́ kan kún un. Omi kànga ò ní kílórínì, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti abẹ́ ilẹ̀ kì í tó, nítorí náà ẹ gbọ́n òun náà sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì máa rò ó.

Ẹyọ kan tó kù ńkọ́? Ẹ má ra òmíràn tì í báyìí. Ẹ bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì méjì, ìwọ̀nba èyí tó lè jẹ tán kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi asẹ́ ọwọ́ kó o jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ti àwọn ìbejì nìyẹn. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, kí ẹ fi omi tó ti sùn mọ́jú rọ́pò rẹ̀. Àpótí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan ń gba nǹkan bíi lítà 56, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì àti díẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kò ju kẹ́ẹ̀gì kan ààbọ̀ ti lítà mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tí àpótí rẹ̀ ti pẹ́ tí ẹja rẹ̀ sì lera, ẹ tọrọ ẹ̀kúnwọ́ òkúta kan nínú rẹ̀, ẹ gbé e wálé nínú omi, kó má gbẹ. Bí ìwúkàrà ló máa ṣe nínú tiyín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ máa fi ẹja kún un ní méjì méjì. Nígbà náà, ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ ti tó. Bí fóòmù asẹ́ bá dọ̀tí, inú garawa omi tí ẹ gbọ́n jáde ni kí ẹ ti fún un, kì í ṣe abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ.

Kí ẹ má rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: àpótí àkọ́kọ́ tí mo ní, ọjọ́ Sunday Sunday ni mo ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ mọ́tò. Ẹni tó ta ẹja fún mi ló ní bẹ́ẹ̀ ni kí n máa ṣe. Bí wọ́n bá sì ti kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ń padà lọ ra òmíràn. Ó tó oṣù márùn-ún kí ojú mi tó là.

*Bùrọ̀dá, gọ́pì mi ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ mo rí àwọn ọmọ, wọ́n pọ̀. Kí n tó ti lẹ́kíṣọ̀ dé, n ò rí ẹyọ kan. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní àjẹ́ ni ìyá ẹja náà. Báwo ni n ó ṣe rí wọn tọ́? Ṣé n lè máa tà wọ́n?*
Akẹ́kọ̀ọ́, Tankẹ, Ìlọrin

Àbúrò mi, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó fi àjẹ́ sílẹ̀. Lójú gọ́pì, ohunkóhun tó bá kéré tó ń yí nínú omi, oúnjẹ ni. Kò mọ̀ pé òun lòun bí i.

Ohun tó o nílò kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú oró ni. A máa ń fi í ṣàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú oró ni mo fẹ́ kó o wò: gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ sínú omi bí irun. Àárín rẹ̀ ni ọmọ gọ́pì ń sá sí, ẹja ńlá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Oúnjẹ wọn àkọ́kọ́ pàápàá, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú omi, ara gbòǹgbò yẹn ni wọ́n ti ń ṣà á jẹ. Bí o bá bù ú ní etí odò tàbí adágún, má gbé e wọlé tààrà. Fọ gbòǹgbò rẹ̀, kó o fi sínú garawa lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí ìgbín omi àti eṣúṣú. Jẹ́ kó bo ìdajì ojú omi, kó sì máa rí ìmọ́lẹ̀.

Gọ́pì kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, láàárín ọjọ́ 21 sí 30, ogún sí àádọ́ta ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ikùn rẹ̀ bá ṣe bí igun àpótí, tí àmì dúdú ìdí ikùn rẹ̀ sì ti fẹ̀, ó kù díẹ̀. Àwọn kan máa ń ha á mọ́ inú àpótí rọ́bà kékeré títí yóò fi bí. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, ìpayà inú ibẹ̀ lè mú kó bí ọmọ tí kò pé oṣù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kan, mo kó abo mẹ́ta àti akọ kan sínú ọ̀kan lára àwọn fírísà mi, mo fi ojú oró bò ó, mo sì gbàgbé wọn. Iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́, kì í ṣe ọgbọ́n. Tanwíji tí ẹ̀fọn ń yé síbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí òjò dá, mo kó ojú oró náà kúrò, mo sì ka gọ́pì kọjá ọgọ́jọ kó tó sú mi. Tanwíji, ẹyọ kan ò sí níbẹ̀.

Bí inú yàrá ni wọ́n wà, fún àwọn ọmọ ní pupa ẹyin tí a sè, èyí tó lẹ̀ mọ́ orí abẹ́rẹ́ nìkan. Ẹyin a máa ba omi jẹ́ kíákíá. Èyí tó dára jù ni Artemia, ẹyin edé tín-ín-tìn-ín kan tí àwọn tó ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ ń lò. Béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ń pa nínú omi iyọ̀, bíi gíráàmù 25 sí lítà kan, láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, bí pọ́ńpù bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Títà: o lè tà wọ́n, àmọ́ má fi san owó ilé. Ẹni tó ń ra gọ́pì, àwọ̀ ló ń rà, àwọ̀ sì ń bàjẹ́ bí gbogbo wọn bá ń gùn ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́. Èyí tí lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ bá ti ń ṣóró bí abẹ́rẹ́, akọ ni, yọ ọ́ sọ́tọ̀. Má pẹ́, torí abo tí akọ bá ti kàn lẹ́ẹ̀kan lè fi àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú fún oṣù mélòó kan, kó máa bímọ lára rẹ̀ láìtún rí akọ mọ́. Ìgbà yẹn, ìwọ á ní ọmọ akọ aláwọ̀ búlúù lò ń retí, ẹlòmíràn ni bàbá. Akọ kan sí abo méjì tàbí mẹ́ta. Lọ́dọọdún, pààrọ̀ akọ pẹ̀lú ẹlòmíràn tó ń sin irú kan náà. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wọ́, má fi ṣe ìyá. Èyí tó bá sì pọ̀ jù, má dà á sínú odò Àsà tàbí gọ́tà o. Kì í ṣe ẹja ilẹ̀ wa.

*Mo ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Goldfish méjì wà nínú abọ́ dígí róbótó lórí tábìlì mi. Ojú omi ni wọ́n ń wà ṣáá, wọ́n ń ya ẹnu. Ṣé orin ló ń dùn mọ́ wọn?*
Onídìrí

Afẹ́fẹ́ ni wọn ò rí mí. Goldfish lè gùn ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ, ó lè gbé ju ọdún mẹ́wàá, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ bíi ti ewúrẹ́. Ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yín tó ní àpótí ńlá tàbí adágún, ẹ fi ta á lọ́rẹ. Ẹ gbin òdòdó sínú abọ́ yẹn. Òórùn oògùn irun àti sípíréè inú ṣọ́ọ̀bù ò sì dáa fún ẹja kankan.

*Ọ̀gbẹ́ni, mo kí ọ. Ẹja oníjà kan àti gọ́pì mẹ́fà ni mo ń sìn nínú àpótí méjì. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, oníjà náà rọ sísàlẹ̀, kò jẹun. Ara àwọn gọ́pì sú funfun, bí ẹni bu iyọ̀ wọ́n wọn. Iná ìjọba sì lè lọ lọ́jọ́ mẹ́ta kó má dé. Ọyẹ́ ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe sílẹ̀? Ṣé mo lè fi oníjà kejì tì í kó má dá wà?*
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òmù-Àrán

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Èyí tó rọrùn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má fi kejì tì í. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiwa a máa parí, a sì máa dìde. Akọ méjì nínú irú ẹja yìí, ọ̀kan á ṣáà kú ni. Dídá wà kò dùn ún.

Òtútù ló mú wọn. Ẹja ilẹ̀ olóoru ni wọ́n, oníjà yín fẹ́ omi tó gbóná tó 25 sí 28°C, òru ọyẹ́ sì lè mú omi àpótí wá sí 20. Àwọn kóró funfun yẹn, kòkòrò ajẹnirun ló fa á. Ó ń wọ abẹ́ awọ ẹja, á sanra níbẹ̀, á jábọ́ sísàlẹ̀, á pín sí ọgọ́ọ̀rọ̀, ìyẹn náà á tún wá ara ẹja lọ. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lábẹ́ awọ, oògùn kankan kì í bá a. Ìgbà tó bá ń wẹ̀ kiri nìkan la lè pa á. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tán bí ẹ bá dáwọ́ oògùn dúró lọ́jọ́ tí kóró ọ̀hún pòórá. Iyọ̀ lásán, gíráàmù méjì sí lítà kan: ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú ife, kí ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ fi ọjọ́ méjì dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà mú omi gbóná tó 29 tàbí 30, kòkòrò náà á tètè jábọ́. Ẹ tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi tuntun tí ẹ bá ń dà sí i láàárín ìgbà yẹn, ẹ fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Ní ti iná, iṣẹ́ mi rèé. Fóòmù funfun tó máa ń bá fíríìjì tuntun wọlé nínú páálí, ẹ má jó o. Ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àpótí, kí ẹ tẹ́ ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dé orí rẹ̀, kí ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀. Ọyẹ́ èṣí, mo wọn omi inú àpótí lásán láàárọ̀, 20. Inú fírísà tó wà níta gbangba, 23. Ohun tí kì í jẹ́ kí òtútù jáde náà ni kì í jẹ́ kí ooru jáde. Bó bá le gan-an, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò rọ́bà, kí ẹ fi léfòó sójú omi. Ẹ má da omi gbígbóná sára ẹja.

Tí iná bá lọ, ẹ má bọ́ wọn. Ebi ọjọ́ mẹ́ta ò pa ẹja rí, ìgbẹ́ ló ń pa á. Ẹ máa fi ife bu omi inú àpótí, kí ẹ dà á padà láti òkè, ìgbà ogún láàárọ̀, ìgbà ogún nírọ̀lẹ́. Pọ́ńpù kékeré oníbátìrì wà, kì í wọ́n. Oníjà yín ò tilẹ̀ nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun lè gun òkè wá mí afẹ́fẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin. Bí asẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n dé pa, tí iná sì ti lọ fún ọjọ́ kan, ẹ tú u fọ̀ kí ẹ tó tan án padà, torí omi tó ti bà nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú sí ẹja lára.

*Ṣé òkè òkun ni gbogbo ẹja ọ̀ṣọ́ ti ń wá ni? Mo fẹ́ sin tiwa.*
Ìyáàfin kan, Ìgbájà

Mo ti ń retí ìbéèrè yìí látọdún mẹ́ta. Kíríbù ni kí ẹ wá. Pelvicachromis pulcher ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Inú odò kéékèèké ìhà gúúsù Nàìjíríà níbí ló ti wá, títí dé etíkun Kamẹrúùnù, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ti ń sìn ín nínú dígí tipẹ́. Akọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Abo kéré sí i, òun ló sì lẹ́wà jù: bí ó bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ẹni fi osùn pa á, á wá máa ká ara rẹ̀ níwájú akọ. Nínú ilé kíríbù, obìnrin ló ń kọnu sí ọkùnrin.

Ihò ni wọ́n ń yé sí. Àwọn òyìnbó ń ra ìkòkò òdòdó, wọ́n ń gé e. Àwa ní Ìlọrin! Mo lọ sí Òkelele, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Dàda, mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó fọ́. Wọ́n wò mí bí aṣiwèrè. Mo kó àpáàdì mẹ́rin wálé, mo da ọ̀kan dé sórí iyanrìn, mo fi ẹnu kékeré sílẹ̀ fún un, èyí tí abo lè wọ̀ tí akọ fi ní láti fún ara rẹ̀. Ewé fúrúùtù gbígbẹ méjì ni mo fi sínú omi, èyí tí à ń gbá dànù ní gbogbo àgbàlá, tí àwọn olówó ẹja lókè òkun ń fowó rà. Omi á pọ́n bíi tíì. Ó ń mú kí omi ní ásíìdì díẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń kan, ara sì ń tu kíríbù níbẹ̀. Ẹ má ṣe é jù: bí omi bá kan jù, akọ ló máa pọ̀ nínú ọmọ tí wọ́n máa pa.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ẹja ọ̀ṣọ́ ní Èkó ni ẹ ti lè rí i. Ẹ ní kí wọ́n má bọ́ ọ lọ́jọ́ tó ṣíwájú, kí omi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá, kí afẹ́fẹ́ gba ìyókù. Bó bá dé, ẹ fi ọ̀rá náà léfòó nínú àpótí fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó tú u.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí temi yé, abo wọ abẹ́ àpáàdì, kò jáde fún ọjọ́ méjì. N ò lè mú un mọ́ra, mo gbé àpáàdì náà sókè wò. Ẹyin wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ó tó ọgọ́rùn-ún, pupa rúsúrúsú. Mo rọra gbé e padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jẹ gbogbo rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbé àga síwájú dígí, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń pa, àmọ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan títí di bí ọjọ́ kẹjọ, tí ìyá á kó wọn jáde bí adìyẹ olóròmọ, tí bàbá á máa lé gbogbo ẹja yòókù lọ sí igun. Tí òkùnkùn bá ṣú, wọ́n á tún kó wọn padà sábẹ́ àpáàdì. Artemia ni kí ẹ fún wọn, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, èyí tó kéré. Bí bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn ọmọ náà, tí ikùn ìyá tún ń pọ́n, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò. Àpáàdì kejì ti tó fi síbẹ̀ nígbà náà.